Bí Adémùwàgún Ṣe Tẹ Òkè Irin Dó

Ẹ̀yin ọmọ Òkè Irin, ilẹ̀ tí ẹ jókòó lé yìí, ẹsẹ̀ ni a fi wá a, ẹkún ni a fi rí i.

Nígbà tí ọkọ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí etí ọ̀sà, irin tí wọ́n ń kó wá ni àwọn baba wa fi ń rọ ọkọ́. Aṣọ òfì àti ata ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi gbà á. Nígbà tó yá, òyìnbó ní àwọn kò fẹ́ aṣọ mọ́, ènìyàn ni àwọn ń fẹ́. Ọba gbà. Adémùwàgún àbúrò rẹ̀ kọ̀.

Ó ní, “Kábíyèsí, ọkọ́ tí a fi ọmọ ẹni rà, irú iṣu wo ni yóò wú?”

Ọba rẹ́rìn-ín. “Ó dáa, àbúrò mi. Máa fi èékánná rẹ roko.”

Adémùwàgún kó ọgọ́ta ènìyàn jáde. Efúndọ́lá aya rẹ̀ gbé àpótí kékeré kan tí ọkọ rẹ̀ fi aṣọ gbà lọ́wọ́ atukọ̀ òyìnbó. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ a máa kọjú sí àríwá, bí ó ti wù kí a yí i. Ìyá arúgbó kan tí ń sin Olókun wò ó, ó ní:

“Ibi tí abẹ́rẹ́ yìí bá ti ṣe bí ẹni tó gbàgbé ọ̀nà ilé, ẹ gbẹ́ ibẹ̀. Irin ń bẹ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè dáadáa.”

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Bí òjò bá dé tí wọn kò rí irin, kò sí ọkọ́, kò sí oko. Wọn yóò padà lọ fi ọmọ wọn ra irin. Gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Adémùwàgún gba àpótí náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí tí ó so idà mọ́. Abẹ́rẹ́ yí padà. Ó kígbe ayọ̀.

Efúndọ́lá ní, “Olówó orí mi, lọ́wọ́ tèmi kò yí o.”

“Ọmọba ló mọ̀, kò mọ ìyàwó!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Efúndọ́lá náà sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Iyanrìn ni. Omi wọ́n wọn, ibà wọlé, ó sì mú Efúndọ́lá lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ibẹ̀ ní Àṣìgbẹ́.

Ẹni tí aya rẹ̀ kú kì í so idà mọ́ ìdí. Adémùwàgún tú idà sílẹ̀, ó sin aya rẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀ jọ. Ó ṣí àpótí náà. Àríwá ni abẹ́rẹ́ kọjú sí.

Ó ní kí wọ́n gbé idà òun wá. Idà súnmọ́ ọn, abẹ́rẹ́ yí. Idà jìnnà, abẹ́rẹ́ padà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá dojú kọ àwọn ènìyàn rẹ̀.

“Idà mi ni. Efúndọ́lá sọ fún mi, mo fi í ṣe ẹ̀rín.”

Àgbà ọdẹ, Ògúnsúyì, ní, “Ṣé ká padà ni?”

“Rárá. Kí àwọn tó ru irin máa bọ̀ lẹ́yìn wa lókèèrè.”

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, lórí òkè pupa tí a wà yìí, abẹ́rẹ́ yí. Adémùwàgún kò kígbe. Ó gbé àpótí náà fún obìnrin kan, ó yí. Ó gbé e fún Ògúnsúyì, ó yí. Nígbà náà ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Òkúta dúdú ni, ó wúwo. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ìléru ti ń rú èéfín, a ti rọ ọkọ́. A kò ta ẹnikẹ́ni.

Òun ni a ń kì ní Ọmọ a-bọ́-irin-sílẹ̀-wá-irin, Ọmọ a-bèèrè-lẹ́ẹ̀mẹta-kó-tó-gbẹ́lẹ̀.

Títí di òní, ẹni tí a fẹ́ fi jọba yóò kọ́kọ́ lọ sí ibojì Efúndọ́lá ní Àṣìgbẹ́. Níbẹ̀ ni yóò ti la ohùn, kí gbogbo wa gbọ́, yóò sì sọ ohun kan tí òun ti ṣì ṣe. Bí ó bá sọ ọ́, a gbé adé fún un. Bí ó bá ní òun kò ṣìṣe rí, a óò dìde, a óò gbọn aṣọ wa, a óò lọ pe ẹlòmíràn.