Ààrò tí Òkété Mọ fún Ìyá Ẹtu

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ dáhùn kó ta mí létí, ẹ má jẹ́ kí òtútù gbé ohùn yín lọ. Àlọ́ mi ń ti inú ọyẹ́ bọ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń wá ilé tí yóò yà sí. Ó yà sọ́dọ̀ Ìyá Ẹtu, ó bá Òkété níbẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, ọyẹ́ mú ní ìlú àwọn ẹranko. Ìyá Ẹtu sì ní ọmọ-ọmọ jòjòló kan lọ́wọ́. Ọmọ náà tín-ín-rín. Bí òtútù bá ti dé, yóò máa gbọ̀n, kò ní lè mu ọmú ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Ìyá Ẹtu pé ọyẹ́ yìí yóò mú un lọ.

Ó bá ránṣẹ́ sí Òkété, nítorí kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ́ tó o.

Òkété dé. Ó yí ilé ká. Ó gbá ògiri, ó fi etí lé e, ó mí kanlẹ̀. Bàbá Láwuyì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ ti rí irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nìyẹn!

"Ìyá, ta ló kọ́ ilé yìí fún yín? Ó mà bà á jẹ́ fún yín o!"

"Bàbá ọmọ mi ni, kó tó kú."

"Háà. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Ó yára yí ọ̀rọ̀ padà. "Ààrò olóoru lẹ nílò. A ó gbẹ́lẹ̀, a ó po amọ̀, a ó gbé òkúta lé e. Ṣùgbọ́n èkùrọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èkùrọ́ inú àká yín ni yóò wọlẹ̀. Òun ló ń mú ooru dúró. Iṣẹ́ ọwọ́ tèmi, ọ̀fẹ́ ni, torí ọmọ."

Èkùrọ́! Èyí tí Ìyá Ẹtu fi gbogbo àsìkò òjò ṣà, tó fẹ́ fi ṣe àdín tí wọn yóò máa fi pa ọmọ lára!

"Òkété ọmọ mi, gbogbo rẹ̀?"

"Ìyá, bí owó bá ti mọ ni oògùn ń mọ."

Ìyá Ẹtu ní òun ń bọ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá Ọ̀kẹ́rẹ́, aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ìrù rẹ̀ fi ń gbọ̀n.

"Ìyá, òkúta mẹ́ta, amọ̀, igi. Ohun tó wà nídìí ààrò ìyá mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi í léèrè, ààrò mélòó ló wà nílé tiẹ̀?"

Ìyá Ẹtu padà, ó bi í. Òkété họ orí. Tútù ló ń jẹ gbogbo oúnjẹ rẹ̀, ibo ni yóò ti rí ààrò?

"Ìyá, ṣé gbogbo àga tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá kàn ló ń jókòó lé ni?"

Ìyá Ẹtu fẹ́ fèsì, ni ọmọ bá sín nínú yàrá. Ó tún sín. Ọkàn ìyá já.

"Ó dáa, kó èkùrọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò dá iná àkọ́kọ́ o, bí a ti í ṣe."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílùú wọn. Ẹni tó mọ ààrò ló ń dá iná àkọ́kọ́ sí i, onílé àti aládùúgbò yóò sì jókòó tì í títí òkúta yóò fi gbóná. Òkété ní, "Èwo ló ṣòro níbẹ̀?" Ẹni tí kò dáná rí!

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Mo mọ ààrò f'Ẹ́tu o,
*Ooru dé!*
Èkùrọ́ ló gbé e ró,
*Ooru dé!*
Ọmọ jòjòló, má sunkún,
*Ooru dé!*

Orin dùn, ṣùgbọ́n ihò tó ń gbẹ́ kò dúró sábẹ́ ààrò. Ó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ tààrà sínú ilé Òkété fúnra rẹ̀! Ibẹ̀ ló kó èkùrọ́ sí, láti abẹ́ ààrò títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun yóò máa jẹ ẹ́ títí òjò yóò fi dé.

Ọjọ́ iná pé. Gbogbo wọn jókòó. Òkété dáná. Ó fẹ́ ẹ, iná ràn, òkúta gbóná, ara tu gbogbo wọn. Ooru bá wọlẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ èkùrọ́ gbígbẹ pẹ̀lú iná. Pà! Pà! Pà! Èéfín gba inú ihò, ó forí lé ilé Òkété.

Kò pẹ́, ìyàwó Òkété sáré dé, ó gbé ọmọ pọ̀n, àwọn tó kù ń wọ́ tẹ̀ lé e, ojú gbogbo wọn pọ́n.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ gbà wá o! Èkùrọ́ tí ẹ kó wálé ti ń jó!"

Gbogbo ojú yí sí Òkété.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n da omi, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀, iná kú. Èkùrọ́ ti di eérú, ilé Òkété sì ti wó. "Ẹ lé e kúrò nílùú!" ni àwọn ará àdúgbò ń pariwo.

Ìyá Ẹtu sunkún. "Ó dùn mí. Ohun ìpara ọmọ mi ni." Ó nu ojú, ó wo àwọn ọmọ Òkété tí wọ́n ń gbọ̀n nínú ọyẹ́. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wọlé."

Ọ̀kẹ́rẹ́ dí ihò náà, ó to òkúta mẹ́ta, ó dá iná mìíràn. Ọmọ jòjòló na ẹsẹ̀, ó gba ọmú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Òkété kò wọlé. Ìta ló dúró sí, ó fọwọ́ bojú.

"Òkété, wọlé."

"Ìyá, ojú ń tì mí."

"Inú ilé níbí ni kó ti máa tì ọ́. Bílẹ̀ bá mọ́, ìwọ ni yóò máa ṣa èkùrọ́, títí àká mi yóò fi kún."

Òkété rọra wọlé, ó jókòó sẹ́yìn àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá Ẹtu ní kó sún mọ́ iná.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ mi: ẹni tó bá fẹ́ bá yín ṣiṣẹ́, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tó ń gbà ṣe, kí ẹ sì bi ẹlòmíràn pẹ̀lú, bí ó ti wù kí ẹ̀rù bà yín tó. Ẹni tó bá sì gbẹ́ ihò sábẹ́ ààrò ẹlòmíràn, èéfín ibẹ̀ mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ọyẹ́ ọ̀la ti ètè mi bẹ̀rẹ̀, kó là á.