Igbá Omi Òkè-Ọ̀yẹ́

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọmọdé ń pa á, àgbà ń pa á. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé igbá omi kan ló bí i? Bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ nìyí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Ìdí-Ọdán, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ojúlé dé ojúlé.

"Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fojú àwọn ìyá Àyọ̀ká rí lókè ọ̀hún..."

"Wọ́n ní omi lásán ni o, omi tí Ọlọ́run fi..."

"Èmi ò sí níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ní igbá ti wà nílẹ̀, ni obìnrin náà bá..."

Kò sẹ́ni tó parí gbólóhùn, kò sì sẹ́ni tí kò yé.

Fálúyì, ọmọ Òkè-Ọ̀yẹ́, ló fẹ́ fi Àyọ̀ká ṣaya. Adégún, bàbá Àyọ̀ká, rán àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì lọ wo ilé ọkọ. Ó ti pẹ́ tí ará Ìdí-Ọdán ti ń sọ pé ahun ni àwọn ará òkè, pé orí wọn sì le ju àpáta tí wọ́n ń gbé lọ. Ní Ìdí-Ọdán, àlejò kì í kí onílé tán kí omi tó kàn án lọ́wọ́. Àwọn obìnrin méjèèjì wáá gun òkè nínú oòrùn, wọ́n jókòó, ìyá Fálúyì sì gbé igbá omi kalẹ̀, ó fọwọ́ bo ìdérí rẹ̀. Wọ́n ní ohun tó sọ ni pé, "Omi yìí, a kì í fún àlejò mu." Wọ́n gbọn aṣọ ìdí wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wálé.

Adégún ní òun kò ní fọmọ fún ilé tí wọ́n ti ń fi omi du ènìyàn. Ó di obì, orógbó àti oyin ìtọrọ padà sínú agbọ̀n, ó ní kí Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n òun, lọ dá a padà. Àyọ̀ká ló bá Àwẹ̀ró ru agbọ̀n náà dé ẹ̀yìn odi. Ó di etí agbọ̀n náà mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Ìyá mi," ó wí, "ẹ bá mi wò ó dáadáa."

Àwẹ̀ró kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀, orúnkún rẹ̀ kan sì ń dùn ún. Nígbà tó fi máa dé òkè, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ahọ́n rẹ̀ ti gbẹ bí èèpo iṣu. Ìyá Fálúyì kúnlẹ̀ kí i, ó gbé igbá kalẹ̀. Àwẹ̀ró nawọ́. Obìnrin náà rọra fọwọ́ bo ìdérí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ló sọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwẹ̀ró fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó fẹ́ dìde. Òótọ́ mà ni. Ṣùgbọ́n ó rántí ọwọ́ Àyọ̀ká létí agbọ̀n, orúnkún náà kò sì jẹ́ kó tètè dìde. Ó jókòó, ó sì gbọ́ ìyókù.

Ìyá Fálúyì mú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ. Ó ṣàlàyé pé inú àpáta ni omi àwọn ti ń sun, ó tutù ju ọ̀yẹ́ lọ, ó sì ti pa ẹni tó fi ara gbígbóná mu ún. Ọkọ òun wà lára wọn: ó sáré gun òkè láti oko, ó gbé igbá kan mì, inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ṣú bá a.

"Àwọn ará ilé wa ní orí yín le," Àwẹ̀ró wí.

"Ó le, àna mi. Bí kò bá le, ṣé orí àpáta la ì bá kọ́lé sí?"

Ẹ̀rín pa Àwẹ̀ró. Nígbà tó yá, obìnrin náà ṣí igbá, ó tọ́ omi wò, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ó tutù débi pé eyín Àwẹ̀ró ta. Ẹ̀yìn ìyẹn ni odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Iyán dé, ẹran ìgbẹ́ bo ọbẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwẹ̀ró ń jẹ, ó ń wò ó. Ẹni tó gbà kí wọ́n pe òun ní ahun kí àlejò òun má baà kú, irú ìyá ọkọ wo ni ènìyàn tún ń wá kiri?

Ó ru agbọ̀n náà padà sílé láìtú u. Èrò ti kún àgbàlá Adégún.

"Ẹ̀gbọ́n," Adégún wí, "agbọ̀n rèé lórí yín. Ṣé wọn ò fi omi dù yín ni?"

"Wọ́n fi dù mí." Àwẹ̀ró sọ agbọ̀n kalẹ̀. "Àwọn àbúrò wa kò parọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi dìde."

Ó rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀. Adégún wo agbọ̀n náà títí, ó ní, "Ìròyìn mà kò tó àfojúbà." Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tú u, tó pín obì fún gbogbo ilé, Àyọ̀ká sì mọ̀ pé òun ti lọ́kọ.

Nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ fi ohun tó gbọ́ lásán dá ìlú kan tàbí ìdílé kan lẹ́jọ́ ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí. Wọn kò sọ pé irọ́ ni gbogbo ìròyìn; igbá tí wọ́n fọwọ́ bò wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá dúró ló ń rí i nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Lọ́jọ́ náà, Adégún ní kí Àwẹ̀ró tún ọ̀rọ̀ náà sọ bó ṣe jáde lẹ́nu ìyá Fálúyì gan-an. Àwẹ̀ró kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ó ní, "Omi yìí, a kì í fún àlejò mu kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ."