Òwìwí Erékùṣù àti Abẹ́rẹ́ Olóko

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi ré kọjá òkun, ó bà lé Òwìwí, ó bà lé Abẹ́rẹ́ Olóko, ewéko olódòdó funfun tí irúgbìn rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ wa láṣọ."

Ní ìgbà kan rí, àwọn òwìwí kan ń gbé ní erékùṣù kan láàárín òkun. Kò sí ológbò níbẹ̀, kò sí eku, kò sí ejò. Orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Nígbà tó yá, ìyẹ́ wọn gbàgbé bí a ṣe ń fò.

"Ìyá Àgbà, ẹyẹ tí kò lè fò?"

"Ìbídùn, ta ni yóò máa sá fún?"

Àṣà wọn ni pé bí àlejò bá dé, wọn a gbé ọmọ tuntun jáde kí àlejò lè wúre fún un. Nígbà tó pẹ́, ọmọ wọ́n wọn, àwọn àgbà sì ń kú lọ títí ó fi ku ìyá kan ṣoṣo. Ìyá yìí ti wá ọmọ títí kó tó pa ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀. Abẹ́rẹ́ Olóko ti lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò àwọn tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń ṣa á kúrò, wọ́n ń ṣépè, wọ́n sì sọ ọ́ nù sẹ́bàá ìtẹ́ Òwìwí.

"Pẹ̀lẹ́," ni Òwìwí wí. "Irú ọmọ wo la ń sọ nù báyìí?"

"Ó ti mọ́ wa lára, ìyá. Ibi tí wọ́n bá sọ wá sí náà la ó hù. Ṣùgbọ́n eku wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ gbé ọmọ yín pamọ́."

"Kí n gbé ọmọ pamọ́ fún àlejò? Ìwọ tí o ò nílé, kí lo mọ̀ nípa ilé?"

Nírọ̀lẹ́, Eku dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá."

"Ewu iná kì í pa àwòdì," ni Òwìwí dáhùn. Ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

"Àlejò, bá mi wò ó."

"Rọra, rọra."

"Ojú bàbá rẹ̀ ló gbé wá."

"Rọra, rọra."

"Má jẹ̀ẹ́ kó bọ́."

"Rọra, rọra."

Kí orin tó parí, Eku ti jẹ ọmọ náà tán. Ó nu ẹnu. "Ọmọ yín dùn, ìyá. Ìgbà wo lẹ ó tún bí òmíràn?"

Òwìwí na ìyẹ́. Ìyẹ́ kò gbé e.

"Ṣé ó padà bí òmíràn?"

"Kò bí mọ́. Kò sì sí ẹni tó máa mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí mọ́ láyé. Ní ti Abẹ́rẹ́ Olóko, ó hù bo ìtẹ́ náà, ó yọ òdòdó. Kò sí ìlú tí wọn kì í ti í ṣépè fún un, kò sì sí ìlú tí kì í ti í hù."

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé àlejò níyì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọwọ́ là ń gbé ọmọ lé. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ, kó fi ẹ̀rù díẹ̀ kọ́ ọ.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí oorun má kùn mí lóru òní.

Ìbídùn, ti ilẹ̀kùn.