Àparò Tí Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Rẹ̀ Rìn

Ẹ̀yin ọmọ mi, àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àparò bí ọmọ kan ṣoṣo, Àbẹ̀jẹ́. Tọ̀sán-tòru ló ń fi ọkà bàbà bọ́ ọ nínú ìtẹ́, kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Awó aládùúgbò rẹ̀ kọrin bẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi gbè é:

Jẹ́ kọ́mọ rìn o,
Tẹ́rẹ́nà!
Ẹsẹ̀ kì í le nínú ìtẹ́,
Tẹ́rẹ́nà!

Àparò ní, "Ọmọ tèmi kì í ṣe ọmọ ìyà."

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná ràn mọ́ igbó. Awó àtàwọn ọmọ rẹ̀ sá. Àbẹ̀jẹ́ dìde, ó ṣubú.

"Ìyá mi, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi."

Àparò lè fò, ẹ̀yin ọmọ, ṣùgbọ́n kò fò. Ó na ìyẹ́ bo ọmọ rẹ̀. "Èmi ni mo fà á," ló ń wí títí iná fi dé.

Ẹnu mi dúró níbẹ̀. Ẹ dìde, ẹ lọ sáré.