Ìdí tí Ọkọ̀ Oníná Fi Ń Dá Dúró Mu Iná

Nígbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń dá jẹun, àwọn ẹ̀dá tó bá ń gbé inú àgbàlá kan náà a máa jọ jẹun, wọ́n a sì jọ sùn. Nígbà náà, Ọkọ̀ Oníná kì í dá dúró ní gbangba mu iná bó ti ń ṣe lónìí.

Ọkọ̀ Oníná kò ní ará. Àwọn ọkọ̀ tó ń mu epo kò gbà á lẹ́gbẹ́. Bó bá ti rọra yọ ní gáréèjì wọn, Tírélà á bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ẹni tó ń rìn bí olè! Ìwọ, ṣé o kò tiẹ̀ lè wúkọ́ ni?"

"N kò ní èéfín nínú, ẹ̀gbọ́n."

"Ọkọ̀ tí kò ní èéfín! Lọ bá kẹ̀kẹ́ ọmọdé ṣeré jàre."

Ó wá ń rìn kiri. Bó bá rí ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á máa gbọ́. Bí ẹ̀rín bá tán, á tún máa lọ.

Ní ọjọ́ kan, ó dé àgbàlá Adìyẹ. Adìyẹ àti Ewúrẹ́ jọ ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú Wáyà, baba arúgbó kan tó máa ń gbé iná wá láti orí òpó fún ẹni tí òùngbẹ iná bá ń gbẹ. Kí Ọkọ̀ tó sọ ohun tó bá wá, Adìyẹ ti ń pariwo.

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ìrìn! Bàbá Wáyà, ẹ tètè fún àlejò ní nǹkan mu!"

Bí àṣà ilé náà ti rí nìyẹn. Àlejò kì í wọlé kí wọ́n kọ́kọ́ máa bi í léèrè ọ̀rọ̀. Omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé fún un. Ní ti Ọkọ̀ Oníná, iná ni omi rẹ̀.

Ó mu, ó yó, kò sì lọ mọ́. Lójoojúmọ́ ló ń ru koríko Ewúrẹ́ àti àgbàdo Adìyẹ wálé. Ní ìrọ̀lẹ́, á wọ abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, á máa mu iná. Bó bá ti ń mu ún, ikùn rẹ̀ á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn òròmọdìẹ á sì rọ́ sábẹ́ rẹ̀. Adìyẹ fúnra rẹ̀ kó ẹyin méje síbẹ̀, ó ń sàba lé wọn.

Ní ọjọ́ tí òròmọdìẹ kan kọ́kọ́ sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ̀, Ọkọ̀ Oníná kò mira títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sí ẹni tó súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wáyà nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ti já níbi méjì rí, ọ̀rá lásán ni wọ́n sì fi wé ojú àpá náà.

"Adìyẹ, jẹ́ kó máa sinmi díẹ̀ kó tó mu. Ara ẹni tó ti ìrìn dé máa ń gbóná. Èmi náà ò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, ojú àpá mi ń ta mí."

"Háà, Bàbá Wáyà! Kí ẹni tó rìn rìn rìn délé, kí n má fún un lómi? Ṣé kí ará àdúgbò máa pè mí ní ahun ni?"

"Wọn ò tíì máa pè yín bẹ́ẹ̀ ni?" Ewúrẹ́ dá sí i. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí n fẹnu kan èèpo àgbàdo yín!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wáyà sì ń gbé iná wá bó ti ń ṣe.

Ọyẹ́ dé. Ewé gbẹ, imọ̀ àtíbàbà gbẹ táútáú. Ní ọjọ́ kan, Ọkọ̀ Oníná ru ẹrù wúwo gun òkè, ó tún ru òmíràn bọ̀. Nígbà tó fi máa délé ní ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ ti gbóná bí agbada tó wà lórí iná. Adìyẹ kò bi í léèrè nǹkan kan.

"O kú ìrìn, ọmọ mi! Bàbá Wáyà, ó yá!"

Wáyà so mọ́ ọn. Kò pẹ́, Ọkọ̀ gbọ́ tí nǹkan ń hó nínú ikùn rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó wo àwọn òròmọdìẹ tó ń rọ́ wọlé sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ti ń tòògbé. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá ní ara mi ń gbóná jù, wọ́n á kó lọ. Wọn kò ní padà wá mọ́."

Ó pa ẹnu mọ́. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ibà ló mú ọmọ yìí," ni Adìyẹ wí. "Otútù ọyẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ bò ó, kó làágùn!"

Bí wọ́n ti ń tọ́jú ibà nílé wọn nìyẹn: ohun tó nípọn ni wọ́n fi ń bo aláìsàn títí òógùn á fi bò ó. Ewúrẹ́ wọ́ ẹní méjì àti àpò mẹ́ta wá. Wọ́n bo Ọkọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé ó ti san, ọmọ mi?"

"Ó ti san, Màmá," Ọkọ̀ dáhùn lábẹ́ ẹní. Kò san.

Ewúrẹ́ gbé imú sókè. "Adìyẹ, kí lẹ ń sè?"

"Èmi? N ò se nǹkan kan o."

Ojú àpá Wáyà ló ń yọ́. Ọ̀rá náà ń kán sílẹ̀, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kejì. Nígbà náà ni Ọkọ̀ Oníná kígbe.

"Ẹ kó àwọn ọmọ jáde! Ara mi ń gbóná! Ó ti pẹ́ tó ti ń gbóná!"

Adìyẹ fò wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń fi ìyẹ́ gbá àwọn ọmọ síta. Ewúrẹ́ sáré gbé omi.

"Má dà á!" Wáyà ké. "Má da omi sí mi lára nígbà tí iná wà nínú mi! Ẹ jìnnà!" Ó fi gbogbo agbára tó kù fún un já ara rẹ̀ kúrò lórí òpó.

Ẹní gbiná. Àpò gbiná. Ọkọ̀ gbọn gbogbo rẹ̀ dànù, ó sáré bọ́ sí gbangba, ṣùgbọ́n iná ti ran imọ̀ gbígbẹ. Wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń wo àtíbàbà títí ó fi jó tán.

Gbogbo òròmọdìẹ pé. Ẹyin méjèèje wà nínú eérú.

Adìyẹ kò pariwo. Ó rìn lọ sí ibi tí Ọkọ̀ wà, ó dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Mo bi ọ́ bóyá ó ti san. Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Mo rò pé ẹ máa sá fún mi."

"À bá kàn sún sẹ́yìn díẹ̀ ni," Adìyẹ wí. "Bí ara rẹ bá tutù, à bá padà wá."

Ọkọ̀ Oníná rọra fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Adìyẹ pè é pé kó máa bọ̀ nílé. Kò wá. Ó dúró ní gbangba, níbi tí kò sí imọ̀, tí kò sí ẹní, títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀, kó tó gbà láti mu. Wáyà tuntun tó nípọn, tí kò ní àpá kankan, ló sì gbé iná fún un. Baba arúgbó ti lọ sinmi.

Láti ọjọ́ náà ni Ọkọ̀ Oníná ti ń dá dúró mu iná, tí wọn kì í sì í bò ó. Afẹ́fẹ́ kékeré tí ẹ ń gbọ́ nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ ara rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó wà nítòsí tó máa bá a fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà sì ni iná wínníwínní kan ti ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ títí yóò fi yó. Bó bá ní àwọ̀ ewé, ó ń sọ pé, "Ara mi balẹ̀." Bó bá pupa, ó ń sọ pé, "Ẹ jìnnà sí mi." Ìbéèrè Adìyẹ ló ṣì ń dáhùn.

Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, tí Wáyà ti kúrò, tí ara rẹ̀ sì ti tutù, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa kó tó gbéra. Ẹ lè bá adìyẹ kan níbẹ̀.