Bí Ìjàpá Ṣe Lo Ẹ̀wọ̀n Rẹ̀ Nílé

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ dáhùn dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ilé wo ni kò ní ìpìlẹ̀, tí onílé ń rìn, tí ilé náà ń bá a lọ? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó ṣì pa á mọ́nú. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gba etí odò, ó wọ ìlú àwọn ẹranko, ó bá Ìjàpá níbẹ̀, ó bá Etu tí ìyàwó rẹ̀ kú.

Odò kan la ìlú náà láàárín. Igi ńláńlá ni wọ́n tò lórí rẹ̀ ṣe afárá. Ní ọjọ́ kan, Ìjàpá fẹ́ se iṣu. Igi ìdáná ti tán nílé rẹ̀, ọ̀lẹ kò sì jẹ́ kó wọ igbó. Ó yọ igi kan láàárín afárá. Ó fi koríko bo ojú ihò náà kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Ó lọ se iṣu rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró, ìyàwó Etu, gba orí afárá ń lọ sóko. Ó tẹ koríko yẹn. Odò kún lọ́jọ́ náà. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀.

Etu kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó tọ ipa igi náà dé ilé Ìjàpá, ó bá àjókù rẹ̀ nínú ààrò, ó gbé e lọ sí ààfin.

Erin ni ọba wọn. Ó ní, "Ìjàpá, ṣé ìwọ lo yọ igi yìí?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Ebi ló ń pa mí." Ìjàpá bú sẹ́kún. Ó sunkún títí omi imú rẹ̀ fi kán sórí ẹní ọba. "Bàbá mi, wọn kò mú mi fún olè rí."

Ọ̀bọ wúkọ́. Ó ní, "Pé wọn kò mú ọ rí, ìyẹn ni mo gbọ́."

Àwọn ẹranko rẹ́rìn-ín. Etu kò rẹ́rìn-ín.

Ọba ní, "Òfin fún mi lágbára láti sọ ọ́ sí kòtò ẹ̀wọ̀n. Ó tún fún mi lágbára láti dá ọ padà sílé lábẹ́ ìṣọ́, bó bá jẹ́ àkọ́ṣe, tí o sì kábàámọ̀. Máa lọ sílé. O kò gbọdọ̀ jáde nínú ilé rẹ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, àfi bí o bá ń lọ tún afárá ṣe. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni yóò máa bẹ̀ ọ́ wò. Bí o bá yẹ àdéhùn, kòtò ń dúró dè ọ́."

Etu dìde. "Kábíyèsí, ẹ bi Ìjàpá bóyá òun ló yọ igi. Ẹ gbọ́ ti ebi rẹ̀, ẹ gbọ́ ti ẹkún rẹ̀. Ta ló bi èmi ní nǹkan kan? Láti àárọ̀, kò tilẹ̀ sí ẹni tó dárúkọ ìyàwó mi."

"Ìdájọ́ ti jáde, Etu. Jókòó."

Etu kò jókòó. Ó ń lọ sílé.

Ìjàpá sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n Etu, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o."

"Má kí mi."

Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe ń ṣọ́ Ìjàpá nìyí. Á dúró lókèèrè, á ké pé, "Ìjàpá o, ṣé o wà nílé?" Ìjàpá á ní, "Mo wà nílé o." Ọ̀kẹ́rẹ́ á ní, "Ó dáa." Á yí padà. Kò dé ìdí afárá rí.

Ìjàpá ronú. Ó ní ilé ni wọ́n ní kí òun má jáde kúrò nínú rẹ̀. Wọn kò ní kí ilé jókòó sójú kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí ewé kókò nígbà yẹn. Ó mú igbá ńlá kan, ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ, ó to àpáàdì sí i lára, ó dá ihò fún orí àti ẹsẹ̀. Ó sá a sóòrùn títí ó fi le bí òkúta. Ó kó sínú rẹ̀. Tilé-tilé ló bọ́ sóko olóko.

Oko Etu ló kọ́kọ́ wọ̀. Iṣu tí Àwẹ̀ró gbìn ló ń wà jẹ. Ó jẹ lánàá, ó jẹ lónìí, ó ń sanra nínú ilé rẹ̀.

Nígbà tí Etu dé oko, ó rí àwọn ebè tí ìyàwó rẹ̀ kọ, gbogbo rẹ̀ ti tú. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ ohùn Ọ̀kẹ́rẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ oko. "Ìjàpá o, ṣé o wà nílé?"

Láàárín ebè, ẹnì kan tí iṣu kún ẹnu rẹ̀ dáhùn pé, "Mo wà nílé o."

"Ó dáa."

Etu ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, oko mi nìyí."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, inú ilé rẹ̀ ló wà. Ohun tí wọ́n ní kí n máa wò nìyẹn."

"Iṣu ta ló wà lẹ́nu rẹ̀?"

"Wọn kò ní kí n wo ẹnu."

Etu gbé pátákò sókè. Ó wo Ìjàpá. Ó rọra sọ pátákò náà kalẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó fi ìwo yí Ìjàpá gbirigbiri dé ààfin.

Ìjàpá dùbúlẹ̀ níwájú ọba, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè. Ó ní, "Kábíyèsí, mo wà nílé."

Gbogbo ààfin rẹ́rìn-ín. Etu dúró títí ẹ̀rín fi tán.

"Kábíyèsí, ẹ bi mí ní nǹkan lónìí."

"Kí ni kí n bi ọ́?"

"Ẹ bi mí pé ta ló gbin iṣu tó ń jẹ."

Ọba ní, "Ta ló gbìn ín?"

"Àwẹ̀ró. Ẹ tún bi mí ní ti afárá."

"Afárá ńkọ́?"

"Ihò náà ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ Ìgalà fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn sí i lánàá. Kábíyèsí, n kò ní ẹ má ṣàánú. Ẹ ṣàánú tán, ẹ kò wo ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ń san gbèsè àánú náà."

Ọba sọ ojú sílẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Àánú tí mo fi àdéhùn ṣe, mo gbà á padà. Ìjàpá, jáde nínú nǹkan yẹn kí o wọ kòtò."

Ìjàpá fà, kò jáde. Ó ti sanra jù. Ọ̀bọ fa orí rẹ̀, Ìkookò fa ìrù rẹ̀, kò jáde. Wọ́n gbé e dé ẹnu kòtò, ilé kò gba ẹnu kòtò. Ìjàpá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ṣé kí n máa lọ?"

Ọba yíjú sí Etu. "Bí èmi bá tẹ̀ ẹ́, yóò kú; pátákò rẹ ló lè fọ́ ilé yìí. Kí lo wí?"

Etu ní, "Bí mo bá fọ́ ọ, ẹ tún lè ṣàánú rẹ̀ lọ́la. Ẹ jẹ́ kó wà nílé."

Ìjàpá ní, "Títí òjò àkọ́rọ̀, àbí?"

Etu ní, "Òjò wo?"

Ọba ní ó di òfin pé kí Ìjàpá wà nínú ilé náà títí ayé. Lọ́jọ́ náà gan-an, Etu gé igi, òun fúnra rẹ̀ sì dí ihò orí afárá.

Ìdí nìyí tí ilé fi wà lẹ́yìn Ìjàpá dòní. Ìdí náà nìyí tó fi jẹ́ pé bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, kíá ni yóò fa orí wọlé. Ó rò pé wọ́n wá bẹ òun wò ni. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má bi í bóyá ó wà nílé. Ẹ bi í pé kí ni orúkọ ìyàwó Etu.

Àlọ́ mi gúnlẹ̀ síbí. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.