Ìjà Àwẹ̀ró àti Odò Ẹfun

Àwẹ̀ró alágbàfọ̀ kò ní ọ̀tá kankan ní ìlú Ìdí-Ìyá títí di ọdún tí òun àti odò jọ jà. Obìnrin tó lẹ́nu ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọṣẹ́ ju bí ẹnu rẹ̀ ṣe mọ ọ̀rọ̀ lọ. Bí epo bá ta sí aṣọ yín, tí ẹ ti ń rò ó pé kí ẹ fi ṣe àkísà, ẹ gbé e fún Àwẹ̀ró. Yóò rẹ ẹ́ sómi, yóò fi ọṣẹ dúdú ra á wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò sì sá a sí oòrùn. Nígbà tí ó bá ká a fún yín, ẹ ó wá ojú àbàwọ́n náà títí, ẹ kò ní í rí i.

Nínú gbogbo aṣọ tí ń wọ ilé rẹ̀, ti àwọn ìránṣẹ́ ọba ló gbayì jù. Agbádá funfun ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n sì fi ń dá wọn mọ̀ ní ẹnubodè ìlú mìíràn, nítorí pé kò sí ẹni tí kò lè dìde kí ó ní ọba ló rán òun. Láníhún, olórí wọn, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní aṣọ náà ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí òun tó la ẹnu.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wọn, Òjéníyì, kò gba èyí wọlé. Lójú tirẹ̀, kò sí ìdí tí wọ́n fi ń gbé aṣọ iṣẹ́ fún alágbàfọ̀, tí iṣu ààfin fi ń wọ ilé Àwẹ̀ró lọ́dọọdún. Omi ni omi, ọṣẹ ni ọṣẹ, ìyàwó tó wà nílé kò sì gé lọ́wọ́. Bó bá ti sọ ọ́, Láníhún a kàn rẹ́rìn-ín.

Ní ìgbà òjò ọdún náà, Àwẹ̀ró fọ ìró tí ó fi wọlé ọkọ, ó sá a sórí òkúta létí odò Ẹfun, odò tí wọ́n fi iyanrìn funfun etí rẹ̀ sọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ń dùn lábẹ́ igi tí àwọn obìnrin yòókù jókòó sí, ó ní kí òun kàn gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé òjò ti rọ̀ lókè odò. Kí ó tó bojú wẹ̀yìn, omi ti kún, ó ti pọ́n, ó ti gbé ìró àti igbá ọṣẹ lọ. Ìyá Àwẹ̀ró ló hun ìró yẹn kí ó tó kú. Ó sunkún bí ẹni tí wọ́n tún sin ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ẹkún tán, ìbínú gba ipò rẹ̀, ó sì na ìka sí odò lójú gbogbo wọn.

“Odò olè,” ó ní, “láti òní lọ, èmi àti ìwọ di ọ̀tá. Ẹsẹ̀ mi kò ní í kàn ọ́ mọ́ láéláé.”

Ìṣọ̀lá ọkọ rẹ̀ bi í léèrè bóyá odò gbọ́. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró tì í lọ́rùn títí ó fi gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé. Omi kànga náà tutù, ojú rẹ̀ sì mọ́, ṣùgbọ́n àárín àpáta ló ti ń sun, nǹkan kan sì wà nínú rẹ̀ tí ọṣẹ kò fẹ́. Bó ti wù kí Àwẹ̀ró ra aṣọ tó, ọṣẹ kò hó. Ńṣe ló ń dì mọ́ aṣọ lára. Agbádá funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jọ eérú. Ó rí i. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí ó sọ ọ́. Bí wọ́n bá bi í, a ní oòrùn ni kò ràn dáadáa.

Òjéníyì wá rí ohun sọ. Ó gbé aṣọ tirẹ̀ lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ sì fi gbogbo agbára lù ú mọ́ òkúta. Aṣọ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ya lẹ́yìn láti ọrùn dé ìdí. Òjéníyì fi abẹ́rẹ́ gán an, kò sì kọ ẹ̀yìn sí ènìyàn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Láníhún fúnra rẹ̀ gbé ẹrù aṣọ wọ ilé Àwẹ̀ró. Ìlú Òkè-Ọ̀pọ̀ àti Ìdí-Ìyá ń du ààlà oko, àwọn ọ̀dọ́ ìhà méjèèjì sì ti ń pọ́n àdá. Ọba ti rán Láníhún lọ sí Òkè-Ọ̀pọ̀ láti bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà. Oníbodè ibẹ̀ wo agbádá rẹ̀ tó rí bí eérú, ó ní ìránṣẹ́ ọba kì í rí báyìí, ó sì fi àgbàlagbà sínú oòrùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Láníhún gbé iṣẹ́ ọba padà wálé láìjẹ́.

“Àwẹ̀ró,” ó ní, “ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ a ó tún lọ. Bí wọn kò bá tún gbà wá gbọ́, àdá ni yóò sọ ìyókù. Òjéníyì ní kí a kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Mo ní rárá, mo ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tó ohun tí à ń kà á sí. Ṣé irọ́ ni mo pa?”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè.

“Ẹ kò purọ́, ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní. “Èmi ni mo ń parọ́ fún ara mi.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé ẹrù aṣọ náà rù, ó kọrí sí odò. Nígbà tí àwọn obìnrin rí i, ikọ́ ẹ̀fẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún ọ̀kan nínú wọn lọ́fun. Àwẹ̀ró ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

“Odò Ẹfun,” ó ní, “èmi ni mo gbé aṣọ sí ọ̀nà rẹ, tí mo lọ ń sọ̀rọ̀. O kò jí mi ní nǹkan. Dákun, iṣẹ́ wa pọ̀ lónìí.”

Odò kì í kúkú dáhùn. Omi ṣì pọ́n bí amọ̀ nítorí òjò, kò sì sí ẹni tí ń fi irú rẹ̀ fọ aṣọ funfun. Ọkàn Àwẹ̀ró bàjẹ́. Ó fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ padà, ló bá rí i pé ibi tí ẹsẹ̀ òun ti rì sínú iyanrìn ti kún fún omi. Omi náà mọ́ gaara. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọṣẹ kàn án, ọṣẹ hó títí ó fi bo ìka rẹ̀. Ó fi igbá gbẹ́ kòtò síbẹ̀, ó gbọ́n omi àkọ́kọ́ dànù, èyí tó sun tẹ̀ lé e sì tòrò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bú sẹ́rìn-ín níwájú àwọn tó fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ikọ́ ń yún lọ́fun ló kọ́kọ́ wá bá a gbẹ́ kòtò.

Nígbà tó kan aṣọ Òjéníyì, tí Láníhún kó mọ́ ẹrù náà, Àwẹ̀ró rí ibi tó ya. Ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀sọ̀, ó sì rán an dáadáa, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ibi gíga ló sá aṣọ sí, ó sì jókòó tì í.

Ní ọjọ́ ọjà, oníbodè Òkè-Ọ̀pọ̀ rí àwọn ìránṣẹ́ ọba lókèèrè. Láníhún kò tíì sọ̀rọ̀ tí ó fi ṣílẹ̀kùn, tí ó sì dọ̀bálẹ̀ kí iṣẹ́ ọba. Àwọn àgbà ìlú méjèèjì jọ jókòó, wọ́n jọ gbin pèrègún sí ojú ààlà, àwọn ọ̀dọ́ sì gbé àdá wọn padà sí oko.

Òjéníyì dé ilé Àwẹ̀ró lọ́jọ́ kejì tòun ti iṣu lórí. Ó ní òun wá dúpẹ́, òun sì wá tọrọ àforíjì. Àwẹ̀ró ní kí ó kọ ẹ̀yìn sí òun ná kí òun wò ó. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Ìṣọ̀lá fi jáde wá wò wọ́n.

Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá ń bínú sí ibi tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ti ń wá, àwọn àgbà a pè é jókòó, wọn a sì rán an létí pé: alágbàfọ̀ kì í bá odò ṣọ̀tá.